Ilé tí a ń nù lójoojúmọ́ tó sì ń rùn: níbo ni òórùn náà ti ń wá?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan láti Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, ló kọ̀wé báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá kan àti pálọ̀ ni àwa márùn-ún ń gbé, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ilé. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Sábó, èyí tí kò bá tà ni mo máa ń gbé wá sínú firísà nílé. Ojoojúmọ́ ni mò ń nu ilé. Mo máa ń po Hypo mọ́ Izal láti fi fọ balùwẹ̀, mo kó kánfọ̀ sí gbogbo igun àti sáàárín aṣọ, mo sì ń ra ìgò tí wọ́n fi ń fín òórùn dídùn sílé. Síbẹ̀, bí àlejò bá wọlé, mo máa ń rí i tó ń fọwọ́ kan imú. Ìgbà òjò ló tún burú jù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣì ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ sì ń wúkọ́ ṣáá. Owó tí mo lè yọ fún ìmọ́tótó ilé kò ju 5,000 náírà lọ lóṣù. Kí ni kí n máa rà tí ilé mi á fi máa ta sánsán?"

Màmá, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí ẹ máa rà ni ẹ béèrè, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n kò rí ibi tí ọ̀lẹ tàbí ahun ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń nu ilé lójoojúmọ́ tí ilé ṣì ń rùn kì í ṣe onídọ̀tí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì dé ibi tí òórùn náà ti ń wá. A máa ń rò pé òórùn ilé jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, pé bí a bá ti rí ohun tó ń ta sánsán jù ú lọ, ó parí. Nínú ìwé yín, òórùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kà: ti ẹja, ti ihò omi balùwẹ̀, ti ọ̀rinrin ara ògiri, àti ti ìtọ̀ tó ti wọ inú fóòmù. Ohun tó ń pa ọ̀kan kì í pa èkejì, òmíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ohun tí a fi ń lé e gan-an ló ń mú un burú sí i. Nítorí náà, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ gba nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ yín, nítorí ewu tó wà nídìí wọn ju òórùn lọ.

Àkọ́kọ́ ni àpòpọ̀ Hypo àti Izal yẹn. Láti òní lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pò wọ́n mọ́. Hypo kò fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú gárawà àfi omi. Bí òun àti Izal bá pàdé, wọ́n á ba agbára ara wọn jẹ́, èéfín wọn á sì máa ta èèyàn lọ́fun. Bí ó bá pàdé oògùn tí wọ́n fi ń fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tó ní ásíìdì nínú, tàbí fínígà, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá, afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní klorín ló ń tú jáde. Ìtọ̀ náà kò bá a rẹ́, nítorí amóníà tó wà nínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Èéfín tó máa ń mú ojú ṣomi nígbà tí a bá da Hypo sílẹ̀ balùwẹ̀ tí wọ́n ti tọ̀ sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jó ẹ̀dọ̀fóró ni. Ẹ fi omi lásán ṣan ilẹ̀ náà dáadáa lẹ́ẹ̀mejì kí Hypo tó kàn án. Nínú balùwẹ̀ kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan, tó tún ṣí sínú yàrá tí ẹ ń sùn, ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń wúkọ́ yẹn ló ń fa èyí tó pọ̀ jù símú.

Bí ẹ bá fẹ́ kí Hypo ṣiṣẹ́ gidi, tí kò sì ní ná yín lówó, ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ tàbí táìlì náà, ẹ ṣan án, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bu ṣíbí ìjẹun méjì Hypo sínú omi tútù lítà 1. Ẹ fi nù ún, ẹ fi í sílẹ̀ kó rin ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó ṣan án nù. Ìdí tí ọṣẹ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ni pé ìdọ̀tí àti ọ̀rá máa ń jẹ agbára Hypo tán kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kòkòrò tí ojú kò rí. Ẹni tó da odidi páálí kan sórí ilẹ̀ tó dọ̀tí ti fi owó ṣòfò. Ẹni tó fi ṣíbí méjì sórí ilẹ̀ tó mọ́ ti jàǹfààní. Omi gbígbóná kò dára fún un. Èyí tí ẹ bá sì ti pò kò gbọ́dọ̀ sùn, agbára rẹ̀ ti ń lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún balùwẹ̀ ilé yín. Ní ti Izal, bí ẹ bá ṣì ní in nílé, ẹ lò ó tán ní ọjọ́ tirẹ̀, lórí ilẹ̀ tí Hypo ti kúrò pátápátá, kí ẹ má sì ra òmíràn mọ́.

Kánfọ̀ ni èkejì, bóyá òun gan-an ló ká mi lára jù. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí láìní èròjà kan tó péye nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn dókítà ń pe èròjà náà ní G6PD, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n rárá láàárín wa. Kánfọ̀ funfun róbótó tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ, èyí tí wọ́n fi naphthalene ṣe, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́, kí ibà pọ́njú sì mú un, kí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di yẹ́lò. Kò sí bí ẹ ṣe lè fojú lásán dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò láàárín aṣọ ọmọ, ẹ fọ àwọn aṣọ náà, ẹ sá wọn sóòrùn títí òórùn kánfọ̀ á fi kúrò lára wọn kí ẹ tó tún wọ̀ wọ́n fún un. Ewu mìíràn ni pé ọmọ tó ń rákò lè mú un sẹ́nu bí ẹni mú súìtì. Bẹ́ẹ̀, kánfọ̀ kì í mú òórùn kankan kúrò, ó kàn ń fi tirẹ̀ kún un ni. Aṣọ tó gbẹ délẹ̀délẹ̀ kí ẹ tó ká a kò nílò rẹ̀.

Ìgò òórùn dídùn ni ẹ̀kẹta. Ó máa ń bo imú fún wákàtí kan tàbí méjì, òórùn àtilẹ̀wá á sì padà. Fún ọmọ tó ń wúkọ́, ìyọnu gidi ni, gẹ́gẹ́ bí tùràrí àti oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń sun náà ṣe jẹ́. Nígbà tí mo wà lórí ọ̀rọ̀ fínfín, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi Sniper fín ilé nítorí aáyán tàbí ìdun, ẹ má gbà. Oògùn oko ni. Láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta àwọn ìgò kékeré rẹ̀ mọ́, ìdí sì wà fún un.

Ó wá kan ìwádìí. Imú ẹni tó ń gbé inú ilé kì í pẹ́ mọ́ òórùn ilé lára, kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ bá ń jáde lọ sọ́jà, bí ẹ bá sì dé, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fà á símú. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí ihò omi balùwẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ dé ẹ̀yìn firísà. Ẹ ká igun rọ́ọ̀gì lẹ́dà sókè. Ẹ fi imú kan fóòmù níbi tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ń kó aṣọ sí. Ibi tí òórùn bá ti le jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá wà tí kò ní tijú láti sọ òótọ́ fún yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi imú tirẹ̀ ràn yín lọ́wọ́.

Òórùn ẹja ló rọrùn jù láti ṣẹ́gun, nítorí ó ní ohun tó ń borí rẹ̀. Bí yìnyín ara ẹja bá ti ń yọ́, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á máa jẹ ara rẹ̀, ohun tí wọ́n ń tú jáde ló ń rùn, ásíìdì sì ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọsàn wẹ́wẹ́ fi ń mú un kúrò lọ́wọ́, lára ọ̀bẹ, lára pákó ìgéran àti lára abọ́ rọ́bà, tí kò sì ní ṣe ohunkóhun fún ògiri tó tutù. Ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tí a fún sínú omi lítà 1 tó. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ nǹkan náà, ẹ wá fi omi ọsàn ṣan án kẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Aṣọ ọjà yín kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Ẹ bọ́ ọ sẹ́yìn ilé tàbí sínú balùwẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù tí ẹ fún ọsàn sí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kì í ṣe omi gbígbóná. Omi gbígbóná máa ń se ẹ̀jẹ̀ àti omi ẹja mọ́ ara aṣọ ni. Ẹ rántí pé Hypo kò gbọ́dọ̀ dé inú omi ọsàn yìí.

Firísà gan-an ni mo fura sí. Bí wọ́n bá mú iná lọ fún ọjọ́ kan, yìnyín á yọ́, omi ẹja á sì ṣàn lọ síbi tí ojú kì í tètè dé. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò. Rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ká ní àwọn kólọ́fín tí omi ẹja máa ń wọ̀. Ẹ fi burúọ̀ṣì ìfọyín àlòkù àti ọṣẹ fọ ọ́. Ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ firísà náà ń kó èérí. Bó bá sì jẹ́ fíríìjì onílẹ̀kùn ni, àwo pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, níbi tí omi tó yọ́ ń dà sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn lo fíríìjì fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé àwo yẹn wà, omi ẹja á sì máa gbóná lórí ẹ́ńjìnnì, á máa rùn káàkiri pálọ̀. Ẹ yọ okùn iná kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan ibẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, tí ẹ fi omi ọsàn nù ún, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ún gbẹ, ẹ ṣí i sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ tó tan án padà. Láti ìgbà náà lọ, inú abọ́ tó jìn ni kí ẹja máa wà, kó má máa wà nínú náílọ́ọ̀nù lásán, kí ó lè jẹ́ pé bí iná bá lọ, inú abọ́ ni omi rẹ̀ máa dúró sí.

Ìfun àti ìpẹ́ ẹja kì í ṣe ohun tí ń sun inú garawa ìdọ̀tí. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí tó dé àdúgbò yín, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù méjì, kí ẹ sì fi í sí igun kan nínú firísà títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Ìdọ̀tí tó di yìnyín kì í rùn. Bí àyè bá wà lẹ́yìnkùlé, ẹ lè gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, jìnnà sí kànga. Inú gọ́tà ni kí ó má ṣe dé.

Ní ti balùwẹ̀, òórùn tó ń jáde láti inú ihò kì í ṣe ti ìdọ̀tí orí ilẹ̀ rárá, nítorí náà bí ẹ bá fọ ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Inú sókawéè ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń wá. Bí púlọ́ńbà bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó máa ń fi páìpù tó tẹ̀ bí lẹ́tà U sábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, kí omi díẹ̀ máa dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo. Omi yẹn ni ìdérí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sókawéè gòkè. Bí omi náà bá gbẹ, bí ihò náà kò bá ní páìpù U láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí bí símẹ́ńtì ìdí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bá ti là, òórùn ti rí ọ̀nà nìyẹn. Ẹ dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan: ẹ bu omi sínú náílọ́ọ̀nù tó nípọn, ẹ so ó, ẹ gbé e lé ihò náà kí ó dí i pinpin. Bí òórùn bá ti dín kù láàárọ̀, ẹ ti mú olè náà. Náílọ́ọ̀nù olómi yìí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan, ó lè jẹ́ ìdérí yín lálaalẹ́ títí tí ẹ ó fi rówó púlọ́ńbà, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Bí òórùn kò bá dín kù, ẹ fi wáyà tí ẹ tẹ̀ lórí fa irun àti ọ̀yọ̀ọ̀ ọṣẹ tó lẹ̀ mọ́ inú ihò náà jáde, kí ẹ da omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ tó ní ọṣẹ sí i. Omi tó ń hó kò dára fún páìpù rọ́bà, ó máa ń mú un rọ̀. Ẹ má sì máa da Hypo púpọ̀ sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí tó ń jẹ ìgbọ̀nsẹ̀ inú sókawéè ló ń pa, sókawéè tí wọ́n bá kú nínú rẹ̀ á tètè kún, á sì máa rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ní ìgbà òjò ló ń burú jù. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ọ̀rinrin ni baba gbogbo rẹ̀. Ìgbógbó, Báyékú, Ìbẹṣẹ̀ àti Ìpàkodò kò jìnnà sí ọ̀sà, omi abẹ́ ilẹ̀ kì í jìn níbẹ̀, òjò oṣù kẹrin sí oṣù keje sì máa ń gbé e sókè sí i. Ilé tí wọ́n kọ́ láìtẹ́ náílọ́ọ̀nù dúdú sábẹ́ jámánì fúlọ̀, ìyẹn kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé, yóò máa fa omi sókè láti inú ilẹ̀ gba inú búlọ́ọ̀kù. Ọ̀dà á máa wú, á máa ré, iyọ̀ funfun á máa yọ lára ògiri, dúdú dúdú á sì máa hù níbẹ̀. Dúdú yẹn kì í ṣe èérí, ẹ̀yà olú ni, ó ń mí sí afẹ́fẹ́ ilé, ó sì wà lára ohun tó lè máa mú ọmọdé wúkọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé á fi máa rùn bí aṣọ tí kò gbẹ tí a ká pamọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rinrin kọ́ ló ń ti ilẹ̀ wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ ní kí ẹ tó náwó. Èémí èèyàn márùn-ún tó sùn nínú yàrá kan, omi ìdáná, aṣọ tí a sá sínú ilé àti omi ìwẹ̀ tó ń gbẹ nínú balùwẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ilé ni gbogbo wọn ń lọ, ara ògiri tútù ni wọ́n sì ń bà lé. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ìwé àjákọ tí a ṣí, ẹ nu ojú ògiri gbẹ, ẹ fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn yíká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ má wọlé, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá sẹ̀ sójú náílọ́ọ̀nù níta, síhà ọ̀dọ̀ yín, afẹ́fẹ́ inú ilé ló ní ọ̀rinrin, agbára yín sì ká a. Bí omi bá sẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, láàárín òun àti ògiri, inú ògiri ni omi wà. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀, tí kò ga ju ìbàdí lọ, láti inú ilẹ̀ ni. Èyí tó wà lókè lẹ́bàá sílíìnì, páànù ló ń jò. Èyí tó bá kọ́wọ̀ọ́ rìn pẹ̀lú balùwẹ̀, ẹ fura sí páìpù.

Èyí tó wá láti inú afẹ́fẹ́, oòrùn àti atẹ́gùn ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn láti nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bí òjò kò bá rọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo kò tó, atẹ́gùn tó wọlé gbọ́dọ̀ rí ibi jáde. Ẹ sún bẹ́ẹ̀dì, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, kí ọwọ́ lè wọ àárín. Bí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá omi ilẹ̀ balùwẹ̀ lọ sínú ihò, ẹ ti ilẹ̀kùn tó ṣí sí yàrá, kí ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀. Ẹ má sá aṣọ sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Rọ́ọ̀gì lẹ́dà tó bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri ni ọ̀tá tó fara pamọ́ jù, nítorí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mí, omi tó bá há sábẹ́ rẹ̀ ti há nìyẹn. Bí ẹ bá ká a tí abẹ́ rẹ̀ tutù tó sì dúdú, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò lásìkò òjò, kí ẹ máa nu símẹ́ńtì lásán. Kò ní dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé á mí.

Dúdú ara ògiri náà, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù rin ín kí ó má fò sáfẹ́fẹ́, ẹ fi burúọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ọ́, ẹ ṣan án. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ife Hypo kan sí ife omi mẹ́wàá, ẹ fi kànrìnkàn pa á, kí ẹ ṣan án lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Ẹ di nǹkan mọ́ imú, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí omi bá ṣì ń bọ̀ láti inú ilẹ̀, yóò padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí ojú ògiri nìkan ni Hypo ń fọ̀. Ẹni tó bá kun ọ̀dà tuntun lé e lórí nígbà òjò ti fi owó rẹ̀ jóná. Ẹ dúró di oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ bá ti fa ògiri gbẹ. Àtúnṣe gidi, iṣẹ́ bíríkìlà àti owó onílé ni, kò sí nínú 5,000 yín. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni láti wò bóyá omi òjò ń dà sí ìdí ògiri láti etí páànù, tàbí bóyá ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Ojúmọ́ kan pẹ̀lú ọkọ́ lè darí omi náà lọ sí gọ́tà.

Èédú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé ó ń fa òórùn mu. Ó ń fà á mu díẹ̀, pàápàá níbi tó há bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tàbí inú firísà tí ẹ pa, ṣùgbọ́n kò lágbára tó fún odindi yàrá. Ẹ fi abọ́ kan síbẹ̀, ẹ máa sá a sóòrùn lọ́sẹ̀ méjì méjì kó lè gbẹ. Èédú tó ń jó ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú yàrá tí a tì, ì báà jẹ́ láti gbẹ ilé tàbí láti sun nǹkan olóòórùn dídùn. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa èèyàn lójú oorun.

Ìtọ̀ inú fóòmù ni n kò ní ṣèlérí púpọ̀ lé lórí. Nínú ìtọ̀, ohun kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ sínú omi, ó máa ń gbẹ bí iyọ̀ sínú fóòmù, ìgbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin ni òórùn rẹ̀ á sì jí. Èyí tó ti pẹ́ níbẹ̀ lè dín kù, kì í sábà tán. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà síbẹ̀ ni ẹ lè bá jà: ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi nù ún, kí ẹ po fínígà àti omi ní dọ́gbadọ́gba, ẹ wọ́n ọn síbẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí ẹ bu béékìn sódà lé e títí yóò fi gbẹ, ẹ wá gbọn ọ́n nù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóòmù náà dúró sínú oòrùn, wákàtí mẹ́ta fún ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́ta fún èkejì. Ẹ má da Hypo sí i, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ra náílọ́ọ̀nù nípọn tó fẹ̀ tó fóòmù, ẹ fi bò ó, kí ẹ tẹ́ aṣọ àlòkù tó nípọn lé e kí ara má bàa máa gbóná, kí ẹ tó wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Náílọ́ọ̀nù yẹn wúlò ju gbogbo oògùn ìfọfóòmù lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń tọ̀ lóru kò ṣe é mọ̀ọ́mọ̀, ẹ má nà án. Ẹ jẹ́ kó tọ̀ kó tó sùn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ìnulẹ̀ kò gùn. Bí aṣọ tí ẹ fi ń nulẹ̀ bá tutù sùn nínú gárawà, òórùn rẹ̀ ni ẹ ń fi kun ilé láàárọ̀. Ẹ máa lo gárawà méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí ẹ fi ń ṣan aṣọ náà. Ṣíbí ìjẹun kan ọṣẹ lúbúlúbú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Omo ohun yòówù kí orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, tó fún lítà 5. Bí ó bá pọ̀ jù, ilẹ̀ á máa lẹ̀, á sì tètè kó èérí. Ẹ sá aṣọ náà sóòrùn lẹ́yìn iṣẹ́. Bí omi bóhòòlù yín bá ń fi àwọ̀ ìpẹtà sí ìsàlẹ̀ dúróọ̀mù, irin ló wà nínú rẹ̀: Hypo ń jẹ́ kí irin yẹn tètè dípẹtà sára aṣọ funfun. Ẹ jẹ́ kí omi sùn nínú dúróọ̀mù, ẹ bu ti òkè lò. Àbàwọ́n tó ti wà lára aṣọ, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ nínú oòrùn ló ń mú un kúrò.

Nípa owó náà, n kò ní dárúkọ iye ọjà, nítorí iye àná kì í ṣe ti òní mọ́. Ṣùgbọ́n owó ìgò òórùn dídùn, ti kánfọ̀ àti ti Izal ti padà sọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ìdajì 5,000 náà lọ sórí ọṣẹ, nítorí òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ ra Hypo kékeré, ọsàn wẹ́wẹ́ nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà, àti béékìn sódà tí wọ́n ń bù tà. Eérú ìdáná tí ẹ sẹ́ dáadáa ń bó ọ̀rá kúrò nídìí ìkòkò, ẹ má lò ó fún ìkòkò alumíníọ̀mù tí ẹ bá fẹ́ kó máa dán. Lóṣù àkọ́kọ́, ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́kù ra náílọ́ọ̀nù fóòmù. Lóṣù kejì, ẹ pe púlọ́ńbà wá wo ihò balùwẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ kí ilé ta sánsán lẹ́yìn tó ti mọ́ tó sì gbẹ, ẹ fi èèpo ọsàn àti ewé efinrin tàbí koríko ọba sínú ìkòkò omi, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 níbi tí ẹ ti ń dáná, fèrèsé ní ṣíṣí. Ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ ni kí ẹ ṣe é.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ yẹn kò yẹ kó dúró de gbogbo èyí. Ikọ́ tó ti di ti gbogbo ìgbà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ fún wọn nípa dúdú ara ògiri, kánfọ̀ àti àpòpọ̀ Hypo. Bí àyà rẹ̀ bá ń dún, tàbí tí ihà rẹ̀ ń wọlé nígbà tó bá ń mí, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ní ti ògiri, bí ẹ bá ti lẹ náílọ́ọ̀nù náà mọ́ ọn, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ tí omi sẹ̀ sí àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó láti ilẹ̀, kí n lè mọ ohun tí ẹ máa sọ fún onílé.